Ibo Ni Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Wà?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn awakọ̀, ọlọ́kọ̀, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ọmọ Yorùbá ní Fegge, Onitsha

 

Bí ẹnìkan bá fẹ́ ra ọkọ̀ akẹ́rù, ìbéèrè tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í pọ̀. Tọ́ọ̀nù mélòó ló lè gbé? Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ńkọ́? Eélòó ni jálẹ̀? Bó bá jẹ́ ọkọ̀ èrò, á béèrè iye èèyàn tó lè jókòó sínú rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ rí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó na téèpù láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n yẹn ló ń sọ bí ẹrù ṣe máa pín sórí ẹsẹ̀ ọkọ̀, bóyá ọkọ̀ náà á lè yà ní igun òpópónà yín, ẹni tí yóò jìyà nínú èrò, àti ohun tí yóò ṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹrù bá pàpọ̀jù. Iye tọ́ọ̀nù nìkan kò sọ ìkankan nínú wọn. Ìbéèrè tí mo bá wá síbí lónìí ni: ibo ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wà?

Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pe ìwọ̀n náà ní wíìlìbéèsì. Kì í ṣe gígùn ọkọ̀ o. Ọkọ̀ méjì lè gùn dọ́gba láti bọ́ńpà dé bọ́ńpà, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀kan wà nídìí pátápátá, kí ti èkejì ti sún síwájú tó bẹ́ẹ̀ tí ìdí ọkọ̀ náà fi yọ síta lẹ́yìn táyà. Wọ́n jọ ara wọn lójú, ìwà wọn kò jọra rárá.

Àwọn tó ń ṣe lọ́rì mọ̀ pé ìwọ̀n yìí ṣe pàtàkì débi pé wọ́n kọ ọ́ mọ́ orúkọ ọkọ̀. Gbogbo wa la mọ lọ́rì Mercedes onímú tí à ń pè ní 911, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ 1113 tó lágbára jù ú lọ. Bí ẹ bá rí ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n, ẹ ó rí i pé nọ́ńbà náà kò parí síbẹ̀. Wọn á fa ìlà kan, wọn á sì kọ nọ́ńbà mìíràn sí i: L 1113/42, tàbí L 1113/48. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn yẹn ni wíìlìbéèsì. Mítà 4.20 ni ti 42, mítà 4.83 ni ti 48. Èyí tó kúrú, 36, jẹ́ mítà 3.60. Ẹ́ńjìnnì kan náà, imú kan náà, àmọ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó kúrú ni wọ́n máa ń fi ṣe típà tó ń kó yanrìn, torí pé ó ní láti yí nínú ibi tó há. Èyí tó gùn wà fún ẹrù tó fúyẹ́ ṣùgbọ́n tó gba ààyè. Nígbà tí ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ tiwa, a gé ìdí orúkọ rẹ̀ kúrò, a fi 911 nìkan sílẹ̀. Ibi tí a ti kọ́kọ́ pàdánù ìmọ̀ nìyẹn.

Ẹ gbà mí láyè kí n yà díẹ̀. Yorùbá kì í ṣe àlejò tuntun ní ìlú yìí. Ní 1857 ni Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoogùn, gúnlẹ̀ sí Onitsha, tí òun àti John Christopher Taylor sì dá iṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà sílẹ̀ níbí. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé wọn wá, ọkọ̀ tí kò ní ẹsẹ̀ iwájú tàbí ti ẹ̀yìn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, omi ló ń kó ọjà wọ Onitsha. Lọ́rì ló yí i padà. Nínú àwọn ọdún 1930, Louis Odumegwu Ojukwu, bàbá ọ̀gágun tí gbogbo wa mọ̀, rí i pé àwọn tó ń ra aṣọ l'Ékòó kò rí ọkọ̀ tó ṣeé gbọ́kàn lé tí yóò kó o wálé fún wọn. Ó sọ ìyẹn di iṣẹ́, iṣẹ́ náà sì sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́rọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà. Títí wọ́n fi parí afárá odò Ọya ní 1965, ọkọ̀ tó bá ti Ékòó bọ̀ ní láti dúró ní Asaba, kí pọ́ńtù gbé e sọdá. Lẹ́yìn afárá, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Augustine Ilodibe tó dá Ekene Dili Chukwu sílẹ̀, àti àwọn tó tẹ̀ lé e bí The Young Shall Grow àti G.U.O., sọ bọ́ọ̀sì gbọọrọ di ohun tí a fi ń mọ Onitsha. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì ní Jibowu l'Ékòó, tó sì sọ̀ kalẹ̀ ní Upper Iweka, ti gun ọkọ̀ tí ààrín ẹsẹ̀ rẹ̀ súnmọ́ mítà 6. Fegge wà nítòsí orí afárá, nítòsí Upper Iweka, Ochanja sì wà nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ gígùn àti ọkọ̀ kúkúrú bá ní ibi tí wọ́n ti ń bá ara wọn jà lójoojúmọ́, àdúgbò yìí ni.

Ó yá, ká padà sórí ẹrù.

Ẹ fojú inú wo ọmọkùnrin méjì tí wọ́n gbé àpò kan kọ́ sórí ọ̀pá, tí wọ́n gbé ọ̀pá náà lé èjìká, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Bí àpò bá wà ní agbedeméjì, ìnira wọn dọ́gba. Bí ó bá sún sẹ́yìn, ti ẹ̀yìn ni yóò máa làágùn jù. Ṣùgbọ́n ká ní ọ̀pá náà yọ kọjá èjìká ti ẹ̀yìn, kí a sì so àpò mọ́ ibi tó yọ síta yẹn. Ti iwájú kò ní gbé nǹkankan mọ́. Ọ̀pá á fẹ́ gbéra kúrò léjìká rẹ̀, á di dandan kó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ti ẹ̀yìn ní tirẹ̀ á wá gbé ohun tó wúwo ju àpò náà fúnra rẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ká mú bọ́ọ̀sì kékeré kan tí wíìlìbéèsì rẹ̀ jẹ́ mítà 2.5. Ẹ kó àpò ìrẹsì mẹ́wàá sí i, kílò 50 ni ìkọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 500. Bí wọ́n bá wà ní agbedeméjì iwájú àti ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ iwájú gbé 250, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbé 250. Bí wọ́n bá wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gan-an, òun nìkan ló gbé 500. Bí a bá tò wọ́n sí ìdí ọkọ̀, mítà 1 lẹ́yìn táyà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbé kílò 700, kílò 200 sì kúrò lórí ẹsẹ̀ iwájú. Ẹrù kílò 500 ti di 700. Kò sí àṣírí kankan níbẹ̀: ẹ mú bí ẹrù ṣe jìnnà sí ẹ̀yìn táyà tó, ẹ fi wíìlìbéèsì pín in, ẹ ó rí ìdá tó ń kúrò níwájú. Bó bá jẹ́ pé wíìlìbéèsì ọkọ̀ náà tó mítà 4, ẹrù kan náà, níbi kan náà, á mú kílò 125 péré kúrò níwájú.

Ẹsẹ̀ iwájú ló ń darí ọkọ̀. Nígbà tí ìwúwo bá kúrò lórí rẹ̀, sítíárìn á fúyẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀, ọ̀pọ̀ á sì rò pé ọkọ̀ ń dùn ún wà. Kò dùn ún wà o. Táyà iwájú ni kò di títì mú mọ́. Ẹ yí i, ọkọ̀ kò tètè gbọ́; òjò rọ̀, kò gbọ́ rárá. Iná iwájú á sì máa wo ojú ọ̀run, á máa fọ́ ojú ẹni tó ń bọ̀.

Kí ló dé tí ẹrù tó wúwo fi máa ń bọ́ sí ìdí? Mi ò rò pé àìmọ̀kan ló ń fà á, bí a ti máa ń sọ. Ẹ̀yìn ni ilẹ̀kùn wà. Bí ọjà ṣe ń dé ni wọ́n ń kó o: aṣọ àti ọ̀rá tó fúyẹ́ ti dé láàárọ̀, ó ti kún iwájú, páálí táìlì ilẹ̀, ẹ̀rọ amúnáwá, àpò ìṣó, èyí tí oníbàárà sanwó rẹ̀ kẹ́yìn, ilẹ̀kùn ló máa dúró tì. Ẹni tó ń kó ẹrù ń gba owó lórí iye tó kó, kì í ṣe lórí ibi tó gbé e sí. Awakọ̀ sì ń wo agogo. Bí a bá fẹ́ kí nǹkan yí padà, ẹni tó ni ẹrù gan-an ló yẹ kó sọ pé ti òun tó wúwo níwájú ni òun fẹ́, kó sì fara da ìdúró díẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ wo ọkọ̀ kan tí àwọn tó ṣe é gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí yé. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna ní 1975 wà ní oríṣiríṣi. Wíìlìbéèsì ti saloon jẹ́ mítà 2.74. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe station wagon tó lè gba ìlà ìjókòó mẹ́ta, wọn kò kàn so àpótí kan mọ́ ìdí saloon. Wọ́n ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sẹ́yìn, wíìlìbéèsì di mítà 2.90. Sẹ̀ǹtímítà 16 péré, kò tó ìbú ọwọ́ méjì. Wọ́n tún fi sípíríìnì mẹ́rin sẹ́yìn. Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ fún 404 ṣáájú, 2.65 fún saloon, 2.84 fún ti ẹlẹ́rù. Ìdí nìyí tí 504 fi lè gbé èrò méje láti Ìbàdàn dé Benin, láti Benin dé Onitsha, pẹ̀lú ẹrù wọn, tí imú rẹ̀ kò fi gbéra. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́njú bá a, ẹ mọ̀ pé èrò ìdí máa ń ráhùn pé ibẹ̀ há. Wọn kì í ráhùn pé ọkọ̀ ń jó kiri títì.

Volkswagen danfo àtijọ́ ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyanu. Wíìlìbéèsì rẹ̀ jẹ́ mítà 2.4, ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti Ìjàpá, Volkswagen kékeré tí olùkọ́ fi ń lọ sí ilé ìwé. Lórí ìwọ̀n kan náà ni wọ́n kọ́ yàrá èèyàn mẹ́wàá lé. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n gbé dírẹ́bà síwájú pátápátá, sórí táyà iwájú gan-an, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì sí ìdí, èrò sì wà láàárín. Ìwọ̀n náà pé bí èrò bá wà láàárín. Bí ẹ bá wá kó àpò ẹ̀wà lé orí ẹ́ńjìnnì tó ti wà ní ìdí tẹ́lẹ̀, ẹ ti ba ìṣirò wọn jẹ́.

Mọ́lúè kò ní irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Lọ́rì 911 ni. A ra ṣáàsì rẹ̀, a sì kan àpótí bọ́ọ̀sì lé e lórí níbí, a ń nà án sẹ́yìn títí owó ìjókòó fi pé. Ẹni tó wà ní ìlà tó kẹ́yìn kò jókòó sórí ọkọ̀, ìdí tó yọ síta ló jókòó lé.

Ìyẹn gbé wa dé ọ̀rọ̀ èrò. Nígbà tí táyà iwájú bá bọ́ sí kòtò, imú ọkọ̀ á rì. Lẹ́yìn náà ti ẹ̀yìn á bọ́ sí i, ìdí á rì. Bí ọkọ̀ bá ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí, àárín ìrì méjèèjì jẹ́ bí ìṣẹ́jú-àáyá 0.14 fún danfo, 0.36 fún bọ́ọ̀sì gbọọrọ. Ti danfo súnmọ́ ara wọn débi pé èkínní kò tíì parí tí èkejì fi dé, ni ọkọ̀ fi ń jó síwájú sẹ́yìn. Bọ́ọ̀sì gbọọrọ ráyè mí láàárín wọn. Àmọ́ nínú bọ́ọ̀sì gbọọrọ náà, ibi tí èèyàn jókòó sí kò dọ́gba. Agbedeméjì ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn ló rọ̀ jù. Orí táyà ẹ̀yìn le. Ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn ló burú jù, torí pé gbogbo ìgbà tí ìdí bá gbéra, ó ń gbé ẹni ga ju bí táyà fúnra rẹ̀ ṣe gbéra lọ. Obìnrin tó lóyún, arúgbó, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, ẹ má gbà kí wọ́n jókòó síbẹ̀ ní ìrìn àjò òru. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni a ń san fún àga méjèèjì, èyí tí mo rò pé kò tọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wọ inú Fegge. Àwọn òpópónà ibẹ̀ gún, wọ́n sì ń pàdé ara wọn ní igun. Ilé súnmọ́ títì, gọ́tà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọjà sì jáde sórí gọ́tà. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ yà, kó tún yà.

Láti 1817 ni Georg Lankensperger ní Munich ti rí i pé táyà iwájú méjèèjì kò gbọdọ̀ yí dọ́gba nígbà tí ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin bá ń yà, nítorí èyí tó wà nínú ń rin òbìrí tó kéré ju ti ìta lọ. Rudolph Ackermann gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún tó tẹ̀ lé e, orúkọ Ackermann ló sì wà lẹ́nu ayé títí dòní, bí ó ti máa ń rí fún ẹni tó mọ ọ̀nà ọ́fíìsì. Ohun tí ìṣirò wọn sọ fún wa ni pé bí wíìlìbéèsì bá ṣe gùn tó ni òbìrí ṣe máa tóbi tó, láìṣe àbùkù.

Ká gbà pé a yí táyà iwájú ní dígírì 30. Táyà iwájú á rin òbìrí tí ìdajì ìbú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì wíìlìbéèsì. Fún danfo, mítà 4.8. Fún lọ́rì 36, mítà 7.2. Fún lọ́rì 48, mítà 9.66. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín lọ́rì méjèèjì tí à ń pè ní orúkọ kan: bí wọ́n bá fẹ́ yí padà pátápátá, èyí tó gùn nílò ààyè tó fi bíi mítà 5 fẹ̀ ju ti èyí tó kúrú. Mítà 5 ni iwájú ṣọ́ọ̀bù kan àti gọ́tà rẹ̀. Ti bọ́ọ̀sì gbọọrọ, ìdajì ìbú òbìrí rẹ̀ jẹ́ mítà 12. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì lè yí táyà kọjá dígírì 30, àmọ́ ìṣirò kan náà ló ń ṣàkóso rẹ̀.

Èyí tó ń fọ́ gọ́tà yàtọ̀ sí ìyẹn. Táyà ẹ̀yìn kì í tẹ̀ lé ipa táyà iwájú. Ó máa ń gé inú. Ní dígírì 30 yẹn, táyà ẹ̀yìn danfo á gé inú tó sẹ̀ǹtímítà 64. Ti lọ́rì 48 á gé inú tó mítà 1.29. Ti bọ́ọ̀sì gbọọrọ, mítà 1.6. Dírẹ́bà rí i pé imú òun ti kọjá igun láìfarakan ohunkóhun, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Táyà ẹ̀yìn gun orí gọ́tà, ìdérí símẹ́ǹtì fọ́, ẹsẹ̀ ọkọ̀ wọlé. Ní àkókò kan náà ìdí tó yọ síta ń fì sí òdìkejì, ó ń gbá ẹni tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kejì tó rò pé ọkọ̀ ń lọ kúrò lọ́dọ̀ òun. Kọ̀ndọ́kítọ̀ tó ń na ọwọ́ ní iwájú, tó ń kígbe pé kó máa bọ̀, ibi tí kò séwu ló dúró sí. Ẹ̀yìn ló yẹ kó wà.

Ìdájọ́ tèmi ni pé lọ́rì tí wíìlìbéèsì rẹ̀ bá ju mítà 4 lọ kò ní iṣẹ́ nínú òpópónà kéékèèké Fegge lọ́sàn-án. Kó já ẹrù sí ẹ̀gbẹ́ títì ńlá, kí kẹ̀kẹ́ Márúwá, tí ààrín ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi mítà 2, àti àwọn ọkọ̀ kúkúrú kó o wọlé. Mo mọ̀ pé èyí á dá owó kún owó ọkọ̀. Owó gọ́tà tó ń fọ́ náà ń bọ̀ lórí ẹnìkan, a kì í kà á mọ́ owó ẹrù ni.

Lórí bíréèkì, mi ò ní pẹ́. Nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ìwúwo ń sún láti ẹ̀yìn bọ́ síwájú. Bí bíréèkì àti ìwúwo ọkọ̀ bá wà bákan náà, bí ó ṣe pọ̀ tó dúró lórí nǹkan méjì: bí ẹrù ṣe ga tó, àti bí wíìlìbéèsì ṣe gùn tó. Bọ́ọ̀sì tọ́ọ̀nù 3, tí wíìlìbéèsì rẹ̀ jẹ́ mítà 2.5, tí àárín ìwúwo rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 70, á sún kílò 420 síwájú bí bíréèkì bá le dáadáa. Ẹ wá di ẹrù sí orí rẹ̀ títí àárín ìwúwo fi ga tó mítà 1: ohun tó ń sún ti di kílò 600, táyà ẹ̀yìn sì túbọ̀ fúyẹ́. Nítorí náà ọkọ̀ kúkúrú tó di ẹrù gíga lórí ló léwu jù.

Kì í ṣe gbogbo ìṣubú ni wíìlìbéèsì lè ṣàlàyé, ẹ jọ̀ọ́. Táńkà epo tó ṣubú lágbègbè Upper Iweka ní ọjọ́ 16 oṣù Ọ̀wàrà 2019, tí iná rẹ̀ jó dé ọjà Ochanja, tó sì pa èèyàn, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ń ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ nìyẹn. Ìbú tó wà láàárín táyà ọ̀tún àti ti òsì, gíga àgbá, àti epo tó ń ru nínú rẹ̀ ló ń sọ bí táńkà á ṣe rọrùn tó láti dojú dé. Wíìlìbéèsì gígùn kò ní gbà á.

Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí, ẹ̀yin wẹ́dà àti panẹbítà ni mo fẹ́ kó wọ̀ létí. A ń gé ṣáàsì. Lọ́rì tòkunbọ̀ tó kúrú dé, oníbàárà fẹ́ èyí tó gùn, a gé e láàárín, a fi irin kún un, a jó o pọ̀, a fi ọ̀dà kùn ún. Mi ò ní kí ẹ má ṣe é. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ní ìlànà fún un. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí irin náà. Bí ẹrù kan náà bá wà lórí ṣáàsì kan náà, bí ó ṣe máa tẹ̀ tó ń pọ̀ bí gígùn rẹ̀ tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀, gígùn × gígùn × gígùn: láti 4.20 sí 4.83, gígùn fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀, títẹ̀ fi ìdajì pọ̀. Ẹni tó sọ ọ́ di gígùn, tí kò fi irin kún ẹ̀gbẹ́ ṣáàsì inú lọ́hùn-ún, ti dín tọ́ọ̀nù rẹ̀ kù, kódà bí ó bá fi kún àpótí ẹrù.

Ẹ má gé e ní tààrà. Ẹ gé e ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí ojú jíjó má bàa wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Ẹ má lu ihò, ẹ má sì jó nǹkankan mọ́ ètè òkè tàbí ètè ìsàlẹ̀ ṣáàsì, torí ibẹ̀ ni irin ti ń fà jù. Iná máa ń sọ irin líle di rírọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí a jó, ìdí nìyẹn tí ṣáàsì tí a gé fi ń já lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú jíjó, tí ojú jíjó fúnra rẹ̀ kì í sábà já, tí wẹ́dà á sì máa búra pé iṣẹ́ òun kò ní àbùkù. Ẹ tún wo pùrọ̀pẹ́là. Bí ẹ bá kàn sọ ọ́ di gígùn láìfi bíárìn sí àárín rẹ̀, yóò máa gbọ̀n. Ọ̀pá tó bá gùn ní ìlọ́po méjì, ìyára tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó á já sí ìdá kan nínú mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀. Páìpù bíréèkì ńkọ́, wáyà ńkọ́? Ẹ má so ó pọ̀ ní àárín bí okùn.

Gígé ṣáàsì nìkan kọ́ ni ọ̀nà. Nnewi kò jìnnà síbí, Innoson ń ṣe ọkọ̀ níbẹ̀. Ní Emene lẹ́gbẹ̀ẹ́ Enugu, ANAMMCO tò lọ́rì àti bọ́ọ̀sì Mercedes fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó ní owó láti ra ọkọ̀ tuntun lè béèrè fún ìwọ̀n tó fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Toyota HiAce tí à ń wọ̀ jù lónìí pàápàá wà ní méjì, mítà 2.57 àti mítà 3.11, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á sọ fún yín pé kò sí ìyàtọ̀ àfi àga.

Ó ku afárá àti títì. Afárá odò Ọya àkọ́kọ́, tí ilé iṣẹ́ Dumez kọ́, ní ojú mẹ́jọ tí ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà 128. Wọ́n fọ́ ọ nígbà ogun ní 1967, wọ́n tún un ṣe. Èkejì, tí Julius Berger kọ́, wọ́n ṣí i ní oṣù Èbìbì 2023. Afárá tó gùn báyìí ń wo àpapọ̀ ìwúwo gbogbo ọkọ̀ tó wà lórí rẹ̀. Àmọ́ afárá kékeré tó kọjá lórí gọ́tà, tí kò ju mítà mélòó kan lọ, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń wo. Ní Amẹ́ríkà, láti àárín àwọn ọdún 1970, òfin ń fi ààrín ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ iye tó lè gbé. Tírélà tó ní ọ̀pá ẹsẹ̀ márùn-ún, bí èkínní bá jìnnà sí èyí tó kẹ́yìn tó mítà 15.5, ó lè wúwo tó tọ́ọ̀nù 36. Bí wọ́n bá súnmọ́ ara wọn tó mítà 11, tọ́ọ̀nù 32 ni òpin rẹ̀. Tírélà kan náà, ẹsẹ̀ kan náà, ìyàtọ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 4 nítorí àyè tó wà láàárín ẹsẹ̀ nìkan.

Títì tún le ju afárá lọ. Ní Illinois, láti 1958 sí 1960, wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ akẹ́rù máa yípo lórí títì ìdánwò títí títì fi bàjẹ́, wọ́n sì rí i pé ìbàjẹ́ ń pọ̀ tó nǹkan bí ìwúwo tó wà lórí ọ̀pá ẹsẹ̀ kan tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀, ìwúwo × ìwúwo × ìwúwo × ìwúwo. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá ń gbé tọ́ọ̀nù 10 dípò 8, ìbàjẹ́ tó ń ṣe fún títì kì í ṣe ìdá kan nínú mẹ́rin sí i. Ó ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹ rántí àpò ìrẹsì kílò 500 tó di 700 lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn torí pé a tò ó sí ìdí. Ọkọ̀ náà kò gbé ju bí ìwé rẹ̀ ṣe sọ lọ. Bí ẹnìkan bá wọn gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ lójú ọ̀nà, kò ní rí ẹ̀sùn kankan sí i.

Nítorí náà nígbà tí ẹgbẹ́ awakọ̀, ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti àwọn ará ìjọba ìbílẹ̀ Onitsha South bá jókòó lórí ọ̀rọ̀ òpópónà Fegge, kí wọ́n má kàn kọ iye tọ́ọ̀nù sára pátákó. Kí wọ́n kọ wíìlìbéèsì tó lè wọlé, kí wọ́n sì máa wọn ìwúwo ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ti iwájú, ti ẹ̀yìn. Téèpù kan àti ìwọ̀n kan ló gbà.